Ìlẹ̀kùn Keje Tún Pọ́n

"Ó tún pọ́n," ni mo wí, kí n tó rántí pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sókè.

Gbogbo yàrá ló gbọ́. Àwa mẹ́sàn-án la wà ní Ilé Ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn méje sì ṣe bí ẹni pé etí wọn di. Ẹnì kan ń gé èékánná. Ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná. Lójú ẹ̀rọ iwájú mi, iná pupa kan ṣoṣo ń ṣẹ́jú láàárín àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí gbogbo wọn ti di àwọ̀ ewé. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìdánwò ìlẹ̀kùn omi keje, tó ń dá omi ọ̀sà dúró, ni. Ìlẹ̀kùn keje yẹn náà ni ṣáá.

"Tún un sè," ni Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá wí láti ẹ̀yìn mi. Kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nínú ife rẹ̀.

Mo na ìka sí bọ́tìnnì náà. Ẹ ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́. TÚN UN SÈ ló wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ìka àwa òṣìṣẹ́ ti fọ̀ ọ́ nù tipẹ́. Bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, FI HÀN, ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ la máa ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti rí àwọn bọ́tìnnì méjèèjì yẹn, inú á máa bí mi. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. Adàpọ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ń da iṣẹ́ gbogbo ìlú pọ̀ sínú ìkòkò kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nísàlẹ̀ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ogójì ìṣẹ́jú ni yóò fi da ìkòkò náà nù, tí yóò tún un sè láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì tún tọ́ ọ wò.

Mo mú ìwé ohun tó wà nínú ìkòkò tòní, mo tún kà á. Iṣẹ́ mọ́kànlélógójì ni, láti ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tó ń kọ òfin fún ẹ̀rọ ìlú Orí-Ọ̀sà. Iná òpópónà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń pe orúkọ àwọn òkú nínú ìkéde ṣe. Ìkẹtàlélógún ni ojú mi ń wá: *ẹ̀rọ ọkàn, àtúnṣe aago.* Ojú mi ti lọ síbẹ̀ tó ìgbà ogún láti ìdájí, bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò kúrò lára eyín tó ń dùn ún.

Fóònù mi dún. Bàbá mi ni.

"Tinúadé, ṣé ó ti sọ?"

Ìkíni àárọ̀ wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá o jí ire mọ́ nílùú wa; bóyá pátákó ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Bí pátákó ojú pópó bá sọ ewé, àwọn èèyàn á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé. Bó bá sọ pupa, kálukú á ka ìdí rẹ̀, á sì ṣe bí wọ́n bá ṣe wí.

"Kò tíì sọ o, bàbá mi. Ẹ káàárọ̀."

"Kí ló ń pa á lẹ́nu mọ́? Mo ti wẹ̀, mo ti múra, mo ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn wọn níbí. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ jẹun títí àtúnṣe yẹn á fi wọlé. Ebi ló máa pa mí ṣáájú ẹ̀rọ yìí."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Ohùn rẹ kò dùn."

"Iṣẹ́ ló pọ̀, sà."

"Iṣẹ́ kọ́. O ti ń jẹ ìka. Mò ń gbọ́ ọ."

Mo yọ ìka kúrò lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì dá lójijì bó ṣe máa ń dá láti ọdún mẹ́rin, nítorí pé ẹ̀rọ àyà rẹ̀ kò fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín pẹ́. Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ló wà nílùú yìí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ọkàn. Àṣìṣe kan wà nínú aago gbogbo wọn. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á rò pé ọjọ́ òun ti pé, á sì dúró. Wọ́n ti rí àṣìṣe náà, wọ́n ti tún un ṣe, ó wà nínú ìkòkò. Kí ìkòkò jáde ní ewé ló kù.

"Màá pè yín padà," ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìkòkò kejì jáde. Ẹgbẹ̀rún kan àti àwọn díẹ̀ jẹ́ ewé. Ìlẹ̀kùn keje jẹ́ pupa.

"Tún un sè."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

"Mo mọ̀ọ́ kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń sè é."

"Ta ló sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta?"

Ó gbé ife sílẹ̀. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní Ilé Ìdánwò. Kì í ṣe obìnrin burúkú, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló sì bá mi sunkún nígbà tí màmá mi kú. "Bí a ṣe bá a nìyẹn," ó wí. "Ìdánwò ìlẹ̀kùn yẹn ń ṣe ségesège láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń mọ́. Bí a bá ń fi gbogbo pupa rẹ̀ han ìlú, àwọn èèyàn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tún un sè, Tinú."

Mo tún un sè. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Mo fa ìwé orin ẹgbẹ́ akọrin wa yọ láti inú àpò, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Láti oṣù méjì yẹn, nígbàkúùgbà tí ìlẹ̀kùn keje bá pọ́n, mo ti ń kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, láìní ìdí kan, àfi kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò tọ́jú wọn. Bí o bá ti tún un sè tó sì di ewé, èyí tó gbẹ̀yìn la máa ń fi hàn, kò sì sí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo ti kọ. Mo fi ìka tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mọ́kànlá tí kò sí nǹkan. Ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ọjọ́ mọ́kànlá mìíràn. Mẹ́ta. Mọ́kànlá mìíràn. Mẹ́ta, pẹ̀lú tòní. Mo ń kà á bí ẹni ń ka orin tó ti mọ̀ rí ṣùgbọ́n tí kò rántí ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ọmọ awayanrìn ni mí. Bàbá mi fi ogójì ọdún wọ inú ọ̀sà lọ wa yanrìn kí àyà rẹ̀ tó kọṣẹ́, kò sì sí ọmọ awayanrìn tí kò mọ èyí: bí oṣù bá lé, tàbí tó bá pé, omi á kún ju bó ṣe máa ń kún lọ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bàbá mi kì í jáde láàárọ̀. Àná ni oṣù lé.

Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Akínrọ̀dé, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn keje tó sì ń gbé orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ìwọ̀n omi tí ìdánwò wa ń kà lọ́dọ̀ yín, ṣé tòótọ́ ni àbí àfọwọ́kọ?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn láàárọ̀? Ọ̀pá tó wà nínú omi níwájú mi yìí ló ń kà. Ìwọ̀n tó bá wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn ló ń gbà."

"Lẹ́yìn náà, á fi ti òjò ńlá kún un."

"Á fi kún un, á wá bi ìlẹ̀kùn mi bóyá á dúró. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Omi ńkọ́ báyìí?"

"Ó kún dé ọrùn ọ̀pá ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ó ti ń fà sẹ́yìn."

"Tìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́nu fóònù rẹ̀. "Aago méje ìrọ̀lẹ́ ló máa kún. Ti òní máa ju gbogbo ti ọdún yìí lọ. Òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun, mò ń wò ó. Tinúadé, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ìdánwò náà kò ṣe ségesège rárá. Òótọ́ ló ń sọ. Bí omi bá kún tí òjò sì rọ̀ lé e, ẹrù rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ìlẹ̀kùn lè gbé lọ, ẹ̀rọ náà á sì tú ìdè tó di ìlẹ̀kùn mú sílẹ̀ kí ó má baà jó, bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́. Títí di ìsinsìnyí, òjò ńlá kò tíì bá omi kíkún pàdé lọ́jọ́ kan náà, ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn náà kò fi tíì yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí a sì ń sè é, wákàtí méjì ló ń gbà wá. Láàárín wákàtí méjì yẹn, omi á ti fà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ìlẹ̀kùn ń sàn bí a ṣe ń tún un sè. A kàn ń dúró de omi kí ó lọ ni.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló wà ní Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yìí," ni Akínrọ̀dé wí.

"Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa jáde."

Mo padà wọlé. Ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan. Mo jókòó, mo dìde, mo to àwọn páálí orí tábìlì, mo tún tú wọn ká. Mo ti mọ ohun tí ìkòkò kẹta máa sọ kí ó tó jáde, ní aago mẹ́jọ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì sọ ọ́: ewé, láti òkè délẹ̀.

"Ewé o!" ni àwọn méje kígbe. Ẹni tó ń gé èékánná tẹ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rọ tẹ ìwé mẹ́ta jáde síwájú mi, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a sè é. Pupa, pupa, ewé. Èmi ni afihàn ọjọ́ yẹn, ìka àtàńpàkò tèmi nìkan ni bọ́tìnnì FI HÀN máa gbọ́. Aago mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ kọjá.

Mo gbé ìwé orin mi tọ Ọ̀gá lọ. Mo fi ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn hàn án, mo sọ ti oṣù, mo sọ ti omi. Mo rò pé á bá mi jà. Kò bá mi jà. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n ka iye ọdún tó ti fi ṣòfò fún.

"Ọdún mọ́kànlélógún," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo kọ́ gbogbo yín pé kí ẹ tún un sè."

"Kí la máa ṣe, Ọ̀gá?"

"Fi ewé hàn."

Mo wò ó.

"Gbọ́ mi ná. Bí o bá fi pupa hàn, ìkòkò á tì, iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ̀rọ ọkàn máa dúró ní aago mẹ́fà, ìyẹn kì í ṣe bóyá. Ti ìlẹ̀kùn, bóyá ni. Òjò lè yà gba ibòmíràn. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn lé méjìlá ni, Tinú, bàbá rẹ sì wà nínú wọn."

"Ẹ jẹ́ ká yọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkàn jáde, ká sè é lọ́tọ̀."

"Lọ́tọ̀? Ṣé o fẹ́ ká padà sí ìgbà tí àwọn olówó Òkè-Ọlá ń se tiwọn lọ́tọ̀, tí iná wọn kì í kú, tí àwọn tó kù ń mu omi iyọ̀? Adàpọ̀ kò ní gbà á. Ìkòkò kan la gbà, ìkòkò kan náà ló mọ̀."

"Bí a bá fi pupa hàn tí a tún ìlẹ̀kùn ṣe lónìí ńkọ́?"

"Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Bó bá ti pọ́n, ọwọ́ gbogbo èèyàn kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la. Ìwọ náà búra sí i."

Fóònù dún. Akínrọ̀dé ni, ó ń mí gúlegúle. "Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn akànkọ̀, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wọn. Gbogbo wọn ní pátákó kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan bi mí bóyá mo ti mutí láàárọ̀. Tinúadé, wọn ò ní kúrò. Pátákó ni wọ́n gbà gbọ́."

Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ó yíjú sí fèrèsé. "Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ fún ọ," ó wí. "Ká ní mo lè tẹ̀ ẹ́ ni, ǹ bá ti tẹ ewé, màá sì máa gbàdúrà kí òjò yà."

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe bàbá mi. Mo fi ara ti ògiri. Mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ irú rẹ̀, nítorí náà mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wá: omi, oṣù, ìdè, ìwé mẹ́ta tó wà lórí tábìlì. Kò dá mi dúró.

"Rọ́bà ìfọwọ́tẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan níbí," ó wí. "Bí ẹ̀rọ bá kú, wọ́n ní èèyàn lè máa tẹ̀ ẹ́. Àádọ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ò ju ogún lọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀."

"Bàbá mi, mo fẹ́ bi yín—"

"Má bi mí." Ohùn rẹ̀ le. "Mi ò fẹ́ kú, Tinúadé. Mo ti darúgbó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́. Bí o bá bi mí, màá ní kí o tẹ ewé. Nítorí náà, má bi mí."

Ó pa fóònù.

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo bínú sí i pé kò sọ ohun tí àwọn bàbá máa ń sọ nínú ìtàn. Mo bínú sí ara mi pé mo retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo padà wọlé, mo jókòó síwájú ìwé mẹ́ta.

Ohun tí mi ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀ ni ohùn Akínrọ̀dé: pátákó ni wọ́n gbà gbọ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wà nínú ilé wọn nítorí pé wọ́n rò pé a kì í purọ́ fún wọn, a sì ti ń purọ́ fún wọn láti ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta, láì mọ̀. Ní òwúrọ̀ yìí mo ti wá mọ̀. Bí mo bá tẹ ewé báyìí, èmi tí mo mọ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo mú ìwé àkọ́kọ́, ti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Àyè kan ṣí lójú rẹ̀: ÌDÍ. Ọdún mélòó ni a kò ti kọ nǹkan kan síbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

*Ìlẹ̀kùn keje kò ní dúró nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ jáde ní Ìdí-Àgbọn kó tó di aago márùn-ún. Ẹ̀rọ ọkàn ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá èèyàn máa dúró ní aago mẹ́fà. A nílò ọwọ́. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn.*

Mo tẹ FI HÀN.

Kò sí ariwo kankan. Adàpọ̀ dákẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó dákẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀. Láti fèrèsé, a rí pátákó ìkóríta tó pọ́n, lẹ́yìn náà èyí tó wà lẹ́nu afárá, títí dé òdìkejì omi. Àwọn èèyàn dúró lójú pópó, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń kà á. Mo ń retí kí Ọ̀gá pariwo mọ́ mi.

Ó de gèlè rẹ̀ le. "Ẹ dìde, gbogbo yín," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ rọ́bà."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn aláìsàn kò rí ibùsùn tó, àwọn kan wà lórí ẹní. Àwọn aláṣọ híhun ti dé, àwọn olùkọ́ ti dé, àwọn awakọ̀ ojú omi ti dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Ọ̀gá Fẹ́hìntọlá ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́, ó ń pín èèyàn mẹ́rin mẹ́rin sórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún ìpààrọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há. Kò tíì tó. Mo gbọ́ tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹni mọ́kàndínlógún kò tíì ní ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi kò wo ojú mi. Mo fọ ọwọ́, mo jókòó, mo mú rọ́bà rẹ̀ sọ́wọ́. Ó rí roboto, ó tóbi tó ọsàn, okùn rẹ̀ sì wọ inú aṣọ rẹ̀ lọ.

"O ò bi mí," ó wí.

"Ẹ ní kí n má bi yín."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Ó yíjú sí ògiri. "Ọwọ́ rẹ tutù."

Aago mẹ́fà lù. Mo ti fi ọdún mẹ́rin gbọ́ ìró kékeré kan lára bàbá mi, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi èékánná kan ìgò. Ó dá. Ní gbogbo gbọ̀ngàn ó dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú bàbá mi là kalẹ̀, ó sì di apá mi mú.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé ogún, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára apá mi.

Lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń tẹ tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, ọwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú tìmùtìmù kíká lórí, àpò méjì lọ́wọ́, ìkòkò ọbẹ̀ kan tó fi aṣọ dì mọ́ ìdí. Ìdí-Àgbọn ló ti ń bọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló fi hàn. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ta ni kò tíì ní èèyàn?" ó béèrè.

Nọ́ọ̀sì fi orí tọ́ka. Obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó fọ ọwọ́ nínú bàsíà, ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà, ó gba rọ́bà. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà," ó kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó ní Mulikátù ni orúkọ òun.

Òjò dé ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò yà gba ibì kankan. Ó lu òrùlé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pariwo kíkà wa mọ́ ara wa létí. Ọrùn ọwọ́ mi ti ń ta mí, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi sì ku wákàtí kan kó dé. Mò ń wo aago, mò ń wo ojú bàbá mi, mò ń wo fèrèsé, mo tún ń wo aago. Kò sí ibi tí ojú mi lè sinmi lé.

Aago méje kọjá díẹ̀, fóònù Mulikátù dún níbi ìdí rẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan jáde, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

"Ìdè ti yọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Mo wà lórí afárá. Omi ti wọ Ìdí-Àgbọn."

"Dé ibo?"

"Ó ti dé fèrèsé."

"Fèrèsé wa?"

"Fèrèsé wa. Ti gbogbo àdúgbò."

"Ṣé èèyàn kankan kù níbẹ̀?"

"Kò sí. A wọ gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó kù."

Omijé ń ṣàn lójú obìnrin náà títí dé àgbọ̀n, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi nù ún. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó yíjú sí mi, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀.

"Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé," ó wí.

Kí n tó lanu, bàbá mi ti yí orí kúrò lára ògiri. Láti aago mẹ́fà, kò tíì sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni.

"Kò ṣe nǹkan, ìyàwó mi," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ tẹ̀ lé mi. Èmi á máa kà á." Ó mí kan. "Oókan."

A tẹ̀ ẹ́.

"Eéjì," ni bàbá mi wí.